ODÒ ÒGÙN ÀTI ÌDÁÀBÒBÒ ILẸ̀ ÀKÙRỌ̀ NÍ MÒWÉ, ÌBÀFÒ ÀTI IFỌ̀

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Àwọn tí ń dáko létí odò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Dandan ni kí wọ́n wo òkè tí omi ti ń bọ̀ àti ìsàlẹ̀ tí ó ń lọ. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí àṣẹ lórí odò Ògùn ṣe kúrò lọ́wọ́ àwọn ará etí odò, àti akitiyan wọn láti tún ní ohùn lórí rẹ̀.

Odò àti oko
Láti agbègbè Ṣakí ni odò Ògùn ti ṣàn wá sí Abẹ́òkúta. Ó kọjá ní agbègbè Ọbáfẹ́mi-Owódé, níbi tí Mòwé àti Ìbàfò wà, àti ní agbègbè Ifọ̀, kí ó tó wọ ọ̀sà Èkó. Nínú ìgbàgbọ́ àbáláyé, Yemọja ni ó ni odò náà. Nítorí náà, ọ̀wọ̀ ni òfin àkọ́kọ́ tí ó dáàbò bò ó. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ ni àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin ìrẹsì Ọ̀fàdà. Ní àkùrọ̀ ni wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀rùn. Àkùrọ̀ yìí kan náà ni ó máa ń gba ẹ̀kún omi dúró, tí ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àṣẹ tí ó jìnnà
Ní 1976, Ìjọba Àpapọ̀ dá àjọ tí ń mójú tó agbègbè odò Ògùn àti Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ní 1978, Òfin Ìlò Ilẹ̀ fi ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà. Ọdún náà ni wọ́n ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí ó gba Mòwé àti Ìbàfò kọjá. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í lé oko. Wọ́n ṣí ìsédò Ọ̀yán ní 1983. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ilé-iṣẹ́ omi Àdìyàn ti ń fa omi odò Ògùn ní Àkúté, ní agbègbè Ifọ̀, fún àwọn ará Èkó. Ní oṣù kẹwàá 2010, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti Ọ̀yán lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀, lọ́nà Ìkòròdú.

Akitiyan àwọn ará etí odò
Ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ìpele kejì ètò Fàdámà, tí Báńkì Àgbáyé kọ́wọ́ tì, bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní 2004. Àgbẹ̀, apẹja àti darandaran kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́, wọ́n ń pinnu ohun tí àkùrọ̀ wọn nílò, wọ́n sì ń dá lára owó rẹ̀. Ìtẹ̀síwájú ni èyí. Ṣùgbọ́n agbára ẹgbẹ́ náà kò dé ẹnu ọ̀nà ìsédò, kò sì lè dá ẹni tí ń ta etí odò dúró.

Àgbálọgbábọ̀
Ìtàn yìí fi hàn pé àṣà nìkan kò tó, òfin nìkan kò sì tó. Bí wọ́n bá fi yanrìn dí àkùrọ̀, inú ilé ni omi yóò wá àyè sí, omi mímu Èkó yóò sì dọ̀tí. Ó yẹ kí ẹni tí ń ṣí ìsédò, ẹni tí ń fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ àti àgbẹ̀ etí odò máa jókòó pọ̀ kí òjò tó dé.