Mèsáyà Dé Ilẹ̀ Yorùbá: Nígbà tí Ohùn Orin Bá Yí Ọ̀rọ̀ Padà

Ní Kérésìmesì tó kọjá, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Ajíbọ́dẹ kọ díẹ̀ nínú Mèsáyà, iṣẹ́ ńlá tí George Frideric Handel ṣe fún akọrin àti onílù òun onífèrè. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Nígbà tí a délé, màmá àgbà ní, "Àjọkẹ́, orin yín dùn o, àmọ́ kí lẹ ń wí?"

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin náà sí Yorùbá, mo sì kọ ọ́ fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi tí a ti sọ pé wọ́n bí Jésù, ohùn orin náà wálẹ̀, "bí" wá di "bì". Màmá àgbà wò mí, wọ́n ní, "Ta ló bì?"

Mo rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ìbéèrè wọn ló mú mi wádìí ìtàn yìí.

Ọjọ́ 24 péré ni Handel fi kọ Mèsáyà lọ́dún 1741. Inú Bíbélì ni Charles Jennens ti ṣa ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ. Apá mẹ́ta ló ní. Apá kìíní ló sọ nípa ìbí Jésù, àwọn olùṣọ́-àgùntàn àti àwọn áńgẹ́lì. Ìlú Dublin ní Ireland ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde fáyé gbọ́, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1742. Wọ́n fi lára owó tí wọ́n pa níbẹ̀ tú àwọn tó wà lẹ́wọ̀n nítorí gbèsè sílẹ̀.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, bí ohùn bá lọ sókè tàbí sódò, ọmọ ṣì ni ọmọ. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì dé, wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí abẹ́ ohùn orin òyìnbó, ìtumọ̀ sì ń dàrú.

Ẹni tó dojú kọ ọ̀ràn yìí gan-an ni Thomas Ekundayo Phillips (1884–1969). Ó kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di atẹdùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Èkó lọ́dún 1914. Ó wà níbẹ̀ títí di ọdún 1962. Nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, tó jáde lọ́dún 1953, ó ṣàlàyé pé bí ọ̀rọ̀ Yorùbá bá ṣe ń lọ sókè sódò ni orin gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé e. Phillips kò kó orin òyìnbó dànù. Ó fi ohun tó kọ́ níbẹ̀ ṣe tiwa. Fela Sowande, tí wọ́n bí lọ́dún 1905, kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ nígbà èwe, òun náà sì di ìlúmọ̀ọ́ká nínú iṣẹ́ orin.

Ìtàn yìí kọ́ mi pé kì í ṣe pé Yorùbá kéré sí orin ńlá. Ọ̀rọ̀ ló yẹ kó ṣíwájú, kí orin tẹ̀ lé e.

Mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo fi orin Handel sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo ní kí màmá àgbà fẹnu sọ ìtàn ìbí náà fún mi, mo sì fetí sí ibi tí ohùn wọn ti ń gòkè àti ibi tó ti ń wálẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré ni mo rí kọ. Mo lé e. Wọ́n gbè é.