Magic Johnson àti Ọ̀gá Rẹ̀, 1981

Ní 1980, Paul Westhead ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Lakers nígbà tí Magic Johnson, ọmọ ogún ọdún, bá wọn gba ife NBA. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà, Jerry Buss, fún Magic ní àdéhùn ọdún 25, mílíọ̀nù 25 dọ́là.

Eré sísá ni Magic fẹ́ràn. Westhead ní kí wọ́n rọra máa tẹ̀ lé ètò òun. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1981, wọ́n na Utah tán, ni Magic bá sọ fáwọn oníròyìn pé kí wọ́n ta òun. Lọ́jọ́ kejì, Westhead ti lọ. Buss ní òun ti pinnu tẹ́lẹ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ gbà á gbọ́? Àwọn olólùfẹ́ Lakers gan-an hó lé Magic lórí.

Pat Riley, igbákejì Westhead, gba ipò náà, wọ́n sì gba ife 1982.

Iṣẹ́ kóòdù ni mò ń ṣe; èmi náà ti mọ ohun tí ọ̀gá ò mọ̀ rí. Ife yẹn fi hàn pé Magic mọ eré. Kò fi hàn pé ojú ayé ló yẹ kó ti sọ ọ́.