Ta Ló Ni Òfurufú Ìlàjẹ?

Ní ọdún 1885, Amapetu ti Màhín bá àwọn oníṣòwò Jámánì láti ilé-iṣẹ́ Gaiser ṣe àdéhùn lórí etíkun rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Jámánì ti yọ̀ǹda ibẹ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti omi ni wọ́n ń dù. Kò sí ẹni tó bèèrè ẹni tó ni òfurufú, nítorí pé ọkọ̀ òfurufú kò tíì dé ilé ayé. Ìbéèrè yẹn gan-an ni ó dojú kọ ẹnikẹ́ni tó bá gbé dróònù, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ nínú, dé etí omi Igbókọ̀dá lónìí.

Àwọn tó rò pé òfin tuntun ni ó de irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò wo ìtàn dáadáa. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Chicago, ní Amẹ́ríkà. Abala kìíní rẹ̀ fi òfurufú tó wà lórí ilẹ̀ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ orílẹ̀-èdè náà. Abala kẹjọ ní kí ọkọ̀ òfurufú tó lè fò láìsí awakọ̀ má ṣe fò bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ kankan àfi pẹ̀lú àṣẹ pàtàkì. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlá lásán: ní ọdún yẹn kan náà ni bọ́ǹbù Jámánì tó ń dá fò ń já lu Lọ́ńdọ̀nù. Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, ó sì wọ inú àdéhùn náà kí ọdún tó parí.

Báyìí ni òfurufú Ìlàjẹ ṣe di ti ìjọba àpapọ̀. Ọba lè fún àlejò ní ilẹ̀ kọ́lé, ìjọba ìbílẹ̀ tó fi Igbókọ̀dá ṣe olú-ìlú lè gba owó ọjà. Kò sí èyí tó lè fi òfurufú ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ nínú wọn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, àjọ NCAA kéde pé ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ilé-iṣẹ́ ìjọba, kò gbọdọ̀ gbé dróònù fò láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà àti lọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí Ètò Ààbò. Òfin ìrìnnà òfurufú ti ọdún 2022 kò dín agbára àjọ náà kù.

Ìdí wà fún ìkálọ́wọ́kò yìí. Hẹlikópítà ń gbé òṣìṣẹ́ lọ sí ibi ìwapo lójú òkun, kì í sì í fò ga bíi bàálù ńlá. Bí dróònù bá kọlu abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀, gbogbo èrò lè bá a já sínú omi. Ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn tún wà tí òfin kò kọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tó ju 100 lọ gba Parabe, ibùdó epo Chevron. Iṣẹ́ àti àtúnṣe àyíká tó bàjẹ́ ni wọ́n ń béèrè. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, hẹlikópítà gbé sójà àti ọlọ́pàá dé. Méjì kú nínú àwọn ọ̀dọ́ náà. Ẹjọ́ náà dé San Francisco, níbi tí ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ti dá ilé-iṣẹ́ náà láre ní 2008. Nítorí náà, bí ìwé àṣẹ méjèèjì tilẹ̀ pé, ó yẹ kí olóhun náà kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ abúlé, kí ó sọ ohun tó fẹ́ yà àti ìdí rẹ̀. Ará ìlú tó gbọ́ ìró abẹ̀bẹ̀ lórí ilé rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ le sí jù ni Ayétòrò, ìlú tí Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó ní 1947, tí òkun sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ lọ. Dróònù jẹ́ ọ̀nà kan tí kò wọ́n púpọ̀ láti wọn bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ náà: kí a ya etíkun láti òkè, kí a tún yà á lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kí a fi àwòrán kan wé èkejì. Ìwé kan náà ni olùwádìí àti ẹni tó ń ya àwòrán ìgbéyàwó ń tọrọ. Ó yẹ kí Àbújá ya ọ̀nà kúkúrú sọ́tọ̀ fún ti olùwádìí, nítorí pé àwòrán tó pẹ́ kò lè fi etíkun àtijọ́ hàn mọ́.