Ọfà Mẹ́ta Aláàfin Aólẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ bá gba apá Ìgbẹ́tì wọ inú igbó ńlá tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà ìtọ́jú ẹranko ní ọdún 1991, ibẹ̀ ni ẹ ó bá àwókù Ọ̀yọ́-Ilé. Odi ìlú ti di òkìtì gbọọrọ, àpáàdì fọ́n ká lábẹ́ koríko. Katunga ni àwọn Haúsá ń pè é. Nígbà tí òyìnbó tó ń jẹ́ Clapperton dé ibẹ̀ ní ọdún 1826, èèyàn ṣì kún un. Ó ní odi rẹ̀ yí ìlú ká tó máìlì 15, ó sì ní ẹnubodè 10. Kò pé ọdún 15 lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀ mọ́.

Ìlú náà ti dahoro rí. Àwọn Tápà ló lé wọn kúrò nígbà kan, tí àwọn Aláàfin fi lọ jókòó sí Ìgbòho. Nígbà tí Aláàfin Abípa ní òun ń padà sílé, àwọn ìjòyè tí Ìgbòho ti mọ́ lára ò fẹ́. Wọ́n kó abuké, arọ àti àfín lọ sórí òkè ní Ọ̀yọ́-Ilé, pé kí wọ́n máa ké bí iwin lóru pé kò sáyè, kò sáyè. Ọ̀rọ̀ ta sí ọba létí, ó rán àwọn ọdẹ, wọ́n sì kó gbogbo iwin náà wálé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀. Èmi fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀, torí ó fi bí a ṣe í gbọ́ ìtàn Ọ̀yọ́ hàn wá: bí iwin bá ké lórí òkè, ká kọ́kọ́ wo ẹni tó rán an níṣẹ́.

Ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó tú Ọ̀yọ́-Ilé ká, èpè Aólẹ̀ ni yóò sọ fún yín. Lẹ́yìn Abíọ́dún ló jọba, nígbà tí ọ̀rúndún kejìdínlógún ń parí lọ. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, àti àwọn ológun yòókù kọ̀yìn sí i, wọ́n gbé igbá òfìfo ránṣẹ́ sí i, ìyẹn ni pé kó lọ kú. Wọ́n ní ó jáde sí àgbàlá, ó ta ọfà mẹ́ta: ọ̀kan sí àríwá, ọ̀kan sí gúúsù, ọ̀kan sí ìwọ̀-oòrùn, pé gbogbo ibi tí ọfà kọrí sí ni wọn yóò kó wọn lẹ́rú lọ. Ó wá la àwo mọ́lẹ̀: igbá tó fọ́ ṣe é tún ṣe, àwo tó fọ́ ti parí. Lẹ́yìn náà ló gbé májèlé jẹ.

Ó dáa. Àmọ́ ìtàn kan náà ló sọ fún wa pé kí Aólẹ̀ tó jọba, oníṣòwò ni, ó sì ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ lẹ́rú ní ọjà Apòmù. Baálẹ̀ Apòmù gba ọ̀rẹ́ náà sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n na Aólẹ̀ ní ẹgba. Torí ẹgba yẹn ló ṣe ní kí ogun lọ kọlu Apòmù, ilẹ̀ Ifẹ̀ tí Aláàfin ti búra pé òun kò ní bá jà láé! Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́, apá òkè ni wọ́n ti ń rà á, àìsàn ilẹ̀ wa kì í sì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́, àfi kí wọ́n máa rà á ṣáá. Owó dà? Ẹrú tí wọ́n ń kó lọ sí Àjàṣẹ́ ló ń mú ẹrù etíkun wálé. Nígbà tí Àfọ̀njá fi pe Àlímì sí Ìlọrin, tí àwọn Fúlàní sì pa Àfọ̀njá fúnra rẹ̀, ọ̀nà yẹn ti là tipẹ́. Àwọn tí wọ́n ń kó gba ibẹ̀ ló yí padà. Ogun Elédùwẹ̀ ló kẹ́yìn, Aláàfin Olúewu bá a lọ, Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọ̀jà.

Àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ dé Bahia, wọ́n dé Cuba, wọ́n sì gbé Ṣàngó dání. Lójú tèmi, àwọn tó kọ́kọ́ sọ ìtàn ọfà yẹn ti rí ibi tí ọfà bọ́ sí kí wọ́n tó sọ ọ́. Ó sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti di gbogbo ẹ̀bi ru ọba kan tó ti kú, ju kí wọ́n máa ka ilé tí ẹrú sọ di olówó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àlùfáà Samuel Johnson ló kọ èpè náà sínú ìwé fún wa. Ìran Aláàfin Abíọ́dún ni, ṣùgbọ́n Hastings ní Sàró ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1846, torí bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú tí wọ́n wá dá sílẹ̀ sí ibẹ̀. Ó parí ìwé náà ní ọdún 1897, kò sì rí i kó jáde. Ó kú ní 1901, ìwé jáde ní 1921. Nígbà tó kọ ọ́ pé èpè Aólẹ̀ yóò gbé wọn kọjá òkun, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń kọ.