Bí Wọ́n Ṣe Fi Ààlà Gba Ìbò Lọ́wọ́ Àwọn Ará Tuskegee

Ẹ mú bébà, kí ẹ ya àpótí onígun mẹ́rin sí i. Bí ààlà ìlú Tuskegee, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ṣe rí nìyẹn títí di ọdún 1957.

Àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nílùú náà. Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí Booker T. Washington bẹ̀rẹ̀ ní 1881 wà níbẹ̀, nítorí náà ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú kò wọ́n níbẹ̀. Síbẹ̀, òyìnbó nìkan ló ń ṣe mẹ́yọ̀, òyìnbó nìkan ló ń wọ káńsù. Kí aláwọ̀ dúdú tó lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, wọ́n á ní kó mú òyìnbó tó máa jẹ́rìí sí i wá. Nígbà míì àwọn akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ á kàn kọ̀wé fipò sílẹ̀, kí iṣẹ́ lè dúró. Charles Gomillion, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga náà, dé ìlú ní 1928. Ọdún 1939 ló tó rí orúkọ tirẹ̀ kọ.

Díẹ̀díẹ̀, wọ́n di bí 400, àwọn òyìnbó olùdìbò sì jẹ́ bí 600. Ẹ̀rù ba àwọn tó wà nípò. Sẹ́nétọ̀ Sam Engelhardt gbé àbá òfin kan lọ sí ilé aṣòfin Alabama, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní 1957. Òfin náà kò dárúkọ dúdú tàbí funfun rárá. Ààlà ìlú nìkan ló tún fà. Àpótí wa di ohun onígun 28, tó ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ejò. (28 náà ni lẹ́tà Lárúbáwá tí ẹ̀ ń kọ́ ní kéwú, ẹ kà á wò.) Nínú 400 olùdìbò aláwọ̀ dúdú, mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ló kù nínú ìlú. Òyìnbó olùdìbò kan ṣoṣo kò bọ́ síta. Kò sẹ́ni tó kó ẹrù. Ilé tí wọ́n sùn náà ni wọ́n jí sí, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ará ìlú mọ́.

Wọn kò sọ òkúta. Ní oṣù June ọdún náà, bí 3,000 èèyàn kóra jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan, wọ́n pinnu pé àwọn kò ní náwó mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lé àwọn. Òfin Alabama kò fẹ́ irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, nítorí náà ohun tí Gomillion àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ kò ju pé kí kálukú máa rajà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n nìyẹn! Ṣọ́ọ̀bù mélòó kan kógbá sílé. Ìjọba tú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà wò, ó tún pè wọ́n lẹ́jọ́. Wọn kò yẹsẹ̀.

Àwọn náà pẹjọ́, Fred Gray sì ni lọ́yà wọn. Kóòtù àkọ́kọ́ ní òun kò lágbára lórí bí ìpínlẹ̀ ṣe ń fa ààlà ìlú. Kóòtù kejì gbè é lẹ́yìn. Ó di ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà. Gray gbé àwòrán ààlà tuntun náà kalẹ̀ níbẹ̀, Adájọ́ Felix Frankfurter sì bi í pé níbo ni ilé ẹ̀kọ́ gíga Tuskegee wà lórí rẹ̀. Gray ní kò sí nínú ìlú mọ́.

Ní ọjọ́ 14 oṣù November ọdún 1960, ohùn àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ṣọ̀kan: ìpínlẹ̀ lè fa ààlà, ṣùgbọ́n kò lè fi í gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ èèyàn nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ní 1961, ààlà onígun mẹ́rin padà. Ní 1964, aláwọ̀ dúdú méjì wọ káńsù Tuskegee.

Ní June 2023, Alabama tún wà níwájú ilé ẹjọ́ kan náà lórí ààlà ìdìbò. Ẹjọ́ tún dá a lẹ́bi, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ni.