‘Did You Went’: Bí Àná Òyìnbó Ṣe Dé Ẹ̀kó

Àwa tí à ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Yábà, ojú títì Herbert Macaulay là ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ojoojúmọ́ la máa ń pe orúkọ yìí fún kọ́ńdọ́ nínú dáńfó, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba nínú wa ló mọ̀ pé inú ilé kan náà ni gírámà Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tó ń dà wá láàmú ti jọ jáde. Bàbá ìyá Herbert ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tó sì tún tẹ gírámà Yorùbá jáde ní 1852. Bàbá tó bí Herbert, Thomas Babington Macaulay, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859. Ilé-ìwé náà ti wà ní Bàrígà báyìí. Ẹ tiẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà, ‘ilé-ìwé gírámà’: gírámà la fi sọ gbogbo sẹ́kọ́ńdìrì lórúkọ!

Nígbà tó di 1882, òfin ẹ̀kọ́ ìjọba amúnisìn sọ ọ̀rọ̀ náà di owó. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ gba ìrànwọ́ ìjọba, kíkà àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi gbà á. Òfin náà ò ka Yorùbá sí.

Nígbà tí àwa wà ní pírámárì ní Muṣin, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn òfin yẹn, síbẹ̀ ‘fanákúlà’ ni wọ́n ń pe Yorùbá. Ẹni tó bá sọ ọ́ á san fáìnì. Ọjọ́ kan ni ọmọ kíláàsì wa kan dìde, ó ní, “Did you went to the market?” Tíṣà rẹ́rìn-ín, gbogbo wa bá bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ò nawọ́ sókè mọ́ títí a fi jáde.

Kí ló ṣe gan-an? Ní Yorùbá, ‘mo lọ’ ti parí. A ò lẹ nǹkan kan mọ́ ọn, ẹni tó gbọ́ ọ ti mọ̀ pé ìlọ náà ti ṣẹlẹ̀. Bí kò bá tíì parí ni a ó ní ‘mò ń lọ’. Bí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀, ‘màá lọ’. Ṣùgbọ́n ‘mo mọ̀ ọ́n’ jẹ́ ti òní, torí mímọ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń ṣe tán. Àwọn onímọ̀ èdè ṣì ń jiyàn bóyá Yorùbá tiẹ̀ ní àsìkò tó kọjá rárá. Tí ọjọ́ bá ṣe pàtàkì, a ó sọ ‘lánàá’ tàbí ‘níjẹta’. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í ru kàlẹ́ńdà.

Ti Gẹ̀ẹ́sì ń rù ú. Walk á di walked, cook á di cooked, fún ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tó sì ti tán: lánàá, lọ́dún tó kọjá, ní 1859. Tó bá di ìbéèrè tàbí ká ní nǹkan ò ṣẹlẹ̀, did ló máa ru àná náà, ọ̀rọ̀-ìṣe á wá sọ ẹrù kalẹ̀: did you go, I did not go. Ẹni tó ní ‘did you went’ ò gbàgbé àná, ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Ó dà bí ẹni tó san owó ọkọ̀ fún kọ́ńdọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n wá ń pè é lólè.

Ti walked tún wá le jù. -ed yẹn, ìró t kan ṣoṣo ni, lẹ́yìn k. Nínú begged, ìró d ni. Inú wanted, needed àti irú wọn nìkan la ti ń gbọ́ fáwẹ̀lì. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, kì í sì í kó kọ́ńsónáǹtì méjì jọ. Ahọ́n wa á jẹ́ kí t náà já bọ́, tàbí kó fi fáwẹ̀lì gbè é lẹ́sẹ̀. Tíṣà á gbọ́ ‘yesterday I walk’, á ní ọmọ yìí ò mọ tense.

Wọn ò sọ fún wa pé àwọn tó ni èdè ti rìn ní ọ̀nà yìí rí. Ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, healp ni àná help, bí sang ṣe jẹ́ àná sing. Àwọn èèyàn wá ń lẹ -ed mọ́ ọn, bí ọmọdé tó ń sọ goed, títí helped fi di èyí tó tọ̀nà. Went gan-an kì í ṣe ọmọ go. Ọmọ wend ni, wọ́n gbé e wá rọ́pò èyí tí go ń lò tẹ́lẹ̀. Tá a bá rí irú ẹ̀ nínú kóòdù ẹnikẹ́ni, a ó ní kó lọ tún un kọ.

WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Yábà níbí, kì í bi èèyàn ní ìtàn wọ̀nyí. Kírẹ́dìtì Gẹ̀ẹ́sì ni yunifásítì ń béèrè, kódà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ka kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọmọ kíláàsì wa yẹn jókòó ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣirò tiẹ̀ dára ju tiwa lọ.

Bẹ́ẹ̀, ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà pírámárì. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, pẹ̀lú tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ náà ò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rí yìí ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí wa.

Níbi iṣẹ́, àwọn tó ń bójú tó Git ní kí a má lo àsìkò tó kọjá tá a bá ń ṣàkọsílẹ̀ àtúnṣe. Fix login la ó kọ, kì í ṣe Fixed login. Ọ̀rọ̀-ìṣe lásán, bíi ti ‘mo lọ’.

Lóṣù tó kọjá, a bá ọ̀rẹ́ wa yẹn pàdé ní Ojúẹlẹ́gba, níbi tó ti ń tún fóònù ṣe. Ó ní, “Ẹ̀yin ará Yábà, did you went to work today?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ó wá ní òun ṣì rántí orúkọ gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Orúkọ tiwa náà wà níbẹ̀.