Ètò Àgbàbọ̀: Ìtàn Bí Rédíò Ìlú ní Amẹ́ríkà Ṣe Ń Pàdánù Ohùn Tó Gbajúmọ̀

Bí ọdún 2013 ṣe parí, ètò Rush Limbaugh kúrò ní ilé-iṣẹ́ rédíò WABC ní New York, ó sì bọ́ sí WOR nínú ìlú kan náà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ètò ọ̀rọ̀ òṣèlú yìí ti wà ní WABC. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí gbogbo Amẹ́ríkà ní ọdún 1988. WABC kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Clear Channel, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ni ètò náà, ló ra WOR ní ọdún 2012, ó sì fẹ́ kí ètò rẹ̀ máa pa owó wọ àpò ara rẹ̀.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, inú a máa bí àwọn olùgbọ́, àwọn olùpolówó ọjà a máa ṣírò ẹni tó kù, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ a sì máa wá ẹni tí yóò jókòó sídìí gbohùngbohùn láti aago méjìlá ọ̀sán títí di aago mẹ́ta. Ó ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn rédíò ìlú ti ń rí irú àdánù yìí. Èrò tèmi ni pé ọjọ́ tí irú ètò bẹ́ẹ̀ dé ni àdánù tó dunni jù máa ń wáyé, kì í ṣe ọjọ́ tó lọ. Kí ètò àlejò tó rí àga jókòó sí, wọ́n ti ní kí ọmọ ìlú kan dìde níbẹ̀.

Rédíò ìbẹ̀rẹ̀ kò mọ ètò àgbàbọ̀, ìyẹn ètò tí wọ́n ń gbà láti ibòmíràn, rárá. Nígbà tí KDKA ní Pittsburgh ka èsì ìdìbò ààrẹ sórí afẹ́fẹ́ ní ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá ọdún 1920, kò sí ibi tí ì bá ti yá ohùn. Láàárín ọdún díẹ̀, ilé ìtajà, ilé ìwé ìròyìn, ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń dá rédíò tiwọn sílẹ̀. Akọrin àdúgbò ló ń kọrin níbẹ̀, àgbẹ̀ ìtòsí ló sì ń tẹ́tí sí iye tí wọ́n ń ta ọkà. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò dùn létí, ṣùgbọ́n ti ìlú ni.

Chicago ni nǹkan ti yí padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1926, ọkùnrin aláwọ̀ funfun méjì, Freeman Gosden àti Charles Correll, bẹ̀rẹ̀ eré kan tí wọ́n pè ní Sam 'n' Henry ní WGN, rédíò ìwé ìròyìn Chicago Tribune. Eré náà mú ìlú. Àwọn méjèèjì wá bẹ àwọn ọ̀gá wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gba ohùn eré náà sínú àwo, kí àwọn lè máa tà á fún rédíò àwọn ìlú mìíràn. WGN kọ̀. Wọ́n bá kó lọ sí WMAQ, rédíò ìwé ìròyìn Chicago Daily News tó ń bá Tribune du ọjà. Orúkọ àtijọ́ wà lọ́wọ́ WGN, nítorí náà wọ́n sọ eré náà ní Amos 'n' Andy, ó sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní oṣù Kẹta ọdún 1928, àwo rẹ̀ ń lọ láti ìlú dé ìlú. Ó wà lára àwọn ètò àkọ́kọ́ tí wọ́n pín káàkiri báyìí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1929, NBC gbà á, Pepsodent tó ń ta ọṣẹ ìfọyín sì di onígbọ̀wọ́ rẹ̀.

Mi ò lè sọ ìtàn yìí kí n fojú fo ohun tí eré náà jẹ́. Aláwọ̀ funfun méjì ló ń sín àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ, tí gbogbo orílẹ̀-èdè sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1931, Robert Vann, olóòtú Pittsburgh Courier, ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìbuwọ́lùwé jọ kí wọ́n lè dá eré náà dúró. Mílíọ̀nù kan ló ń lé. Eré náà kò dúró. Bó bá jẹ́ pé rédíò àdúgbò nìkan ló ń ṣe é, àwọn tí ó bí nínú ì bá lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Báyìí, ẹni tó ń pinnu ohun tí wọ́n ń gbọ́ kò sí nínú ìlú wọn mọ́.

Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló jọba lẹ́yìn èyí. NBC ti dé ní ọdún 1926, CBS ní ọdún 1927, nígbà tí àwọn ọdún 1940 sì fi ń parí lọ, ọ̀pọ̀ jù lọ rédíò AM ló so mọ́ ọ̀kan nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńlá mẹ́rin. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, William Paley, ọ̀gá CBS, fi owó fa aláwàdà Jack Benny kúrò ní NBC. Ní ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo, gbogbo rédíò ìlú tó so mọ́ NBC pàdánù rẹ̀, láì sí ẹni tó bi wọ́n ní ohun kan.

Síbẹ̀, ìgbà kan wà tí rédíò ìlú mọ bí a ti ń kọ̀. Charles Coughlin, àlùfáà Kátólíìkì kan nítòsí Detroit, ti ń wàásù lórí afẹ́fẹ́ láti ọdún 1926. Nígbà tí CBS jáwọ́ lára rẹ̀ ní ọdún 1931, òun fúnra rẹ̀ kó àwọn rédíò jọ, ó ń ra àkókò lọ́wọ́ wọn. Ìkórìíra àwọn Júù wá gba ẹnu rẹ̀ kan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1938, kété lẹ́yìn tí àwọn Násì ba ṣọ́ọ̀bù àti sínágọ́gù àwọn Júù jẹ́ ní Jámánì, Coughlin bọ́ sórí afẹ́fẹ́, ó ń wá àwáwí fún wọn. WMCA ní New York sọ fún àwọn olùgbọ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àlùfáà náà ní àṣìṣe nínú. Nígbà tí Coughlin kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáájú, wọn kò gbé e mọ́. Owó rẹ̀ ni WMCA kọ̀ yẹn, mo sì ń bu ọlá fún wọn títí di òní.

Tẹlifíṣọ̀n ló dá rédíò padà fún àwọn onílùú. Bí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń kó àwọn òṣèré wọn lọ síwájú ẹ̀rọ ayàwòrán ní àwọn ọdún 1950, àga ṣófo nílé-iṣẹ́ rédíò, ará ìlú sì jókòó. WDIA ní Memphis ti rí ọ̀nà yìí ṣáájú, ní ọdún 1948, nígbà tó gbé gbohùngbohùn fún Nat D. Williams, aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ tíṣà àti akọ̀ròyìn. Kò pẹ́ tí gbogbo ètò ibẹ̀ fi di ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní oṣù Kejì ọdún 1960, Robert Hyland, ọ̀gá KMOX ní St. Louis, yọ orin kúrò lọ́sàn-án, ó fi ọ̀rọ̀ sísọ rọ́pò rẹ̀. Ará ìlú ń fóònù wọlé, ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ sì mọ òpópónà tí wọ́n ń ráhùn lé lórí.

Ìgbà yẹn ì bá pẹ́ ju bó ti pẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n FM gba orin lọ́wọ́ AM. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, àwọn olùgbọ́ FM ti pọ̀ ju ti AM lọ, AM sì ń wá ohun tí yóò fi gbé ọ̀sán. Sátẹ́láìtì dé ní àsìkò kan náà, ó mú kí ohùn kan lè dé ọgọ́rùn-ún ìlú láì náni ní owó púpọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1987, FCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso rédíò, wọ́gi lé òfin ọdún 1949 tó ní kí rédíò tó bá gbé ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn jáde wá àyè fún ẹ̀gbẹ́ kejì. Rush Limbaugh, tó ti ń sọ̀rọ̀ ní KFBK ní Sacramento láti ọdún 1984, rin sínú ayé tuntun yìí. Ed McLaughlin, olùpín ètò kan, ló mú un wá sí New York; ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1988, rédíò mẹ́rìndínlọ́gọ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Nígbà tó ya, iye wọn tó nǹkan bí 600.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí ọjà náà ṣe ń lọ, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ìṣòro wà. Rédíò kékeré lè má san kọ́bọ̀ láti gba irú ètò bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú ló fi ń san án: nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan, olùpín ètò ní ìṣẹ́jú mélòó kan tó ti tà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, rédíò ìlú sì ń ta ìyókù fún oníṣòwò àdúgbò. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ìlú tó ń gba owó oṣù, tó ń lo ìsinmi, tí àìsàn ń dá dúró nígbà míràn, kò lè bá ohun tó ń já wálẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ojú sánmà du àga. Wọ́n ní kó máa lọ sílé. Àwọn àgbà ti sọ pé ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Èyí kò fún ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, òun ló sì mú kí wọ́n gbàgbé pé ẹnìkan ló ni ín.

Ẹni tó ni ètò náà bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi lẹ́yìn oṣù Kejì ọdún 1996, nígbà tí Ààrẹ Clinton buwọ́ lu òfin tó yọ òdiwọ̀n lórí iye rédíò tí ilé-iṣẹ́ kan lè ní káàkiri orílẹ̀-èdè. Ogójì ni òdiwọ̀n náà tẹ́lẹ̀. Clear Channel ní ju 1,200 lọ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń pín ètò Limbaugh náà ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nígbà yẹn. Ẹni tó ń pín ètò wá di ẹni tó tún ni rédíò, àwọn rédíò tí kì í ṣe tirẹ̀ sì di ayálégbé lábẹ́ onílé tó ń kọ́ ilé tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Minot, ní North Dakota, kò ní í kúrò lọ́kàn mi. Ní òru ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kìíní ọdún 2002, ọkọ̀ ojú irin tó gbé ammonia dojú dé lẹ́bàá ìlú náà, èéfín olóró bo àdúgbò. Ẹnìkan kú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló gba ìtọ́jú. Rédíò mẹ́fà ni Clear Channel ní nínú ìlú yẹn. Àwọn ọlọ́pàá ní àwọn pè, àwọn kò rí ẹni dáhùn. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn ọlọ́pàá ni kò lo ẹ̀rọ ìkìlọ̀ bó ti yẹ. Ẹni yòówù kó jẹ̀bi, òru yẹn ni ìlú Minot nílò ènìyàn tó mọ orúkọ òpópónà wọn.

Howard Stern, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ òwúrọ̀ kan, fi ojú kejì ọ̀rọ̀ náà hàn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2004, lẹ́yìn tí FCC dá owó ìtanràn 495,000 dọ́là nítorí ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ inú ètò rẹ̀, Clear Channel yọ ọ́ kúrò ní rédíò mẹ́fà tó ń gbé e. Ní oṣù Kẹwàá, ó kéde pé òun ń lọ sí Sirius, rédíò sátẹ́láìtì tí àwọn olùgbọ́ ń sanwó oṣù fún. Ó sì kúrò lórí rédíò gbogbogbòò ní oṣù Kejìlá ọdún 2005. Àwọn rédíò tó ń gbé e ní New York àti àwọn ìlú mìíràn fi olórin David Lee Roth rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù Kẹrin ọdún 2006, wọ́n ti lé e. Ó ti pẹ́ tí wọn kò ti tọ́ ẹnikẹ́ni dàgbà fún wákàtí òwúrọ̀ wọn. Ibo ni wọn ì bá ti rí i?

Níbi tí ọ̀rọ̀ Tom Joyner wà ni ìdájọ́ mi ti di méjì. Ní àwọn ọdún 1980, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú yìí ń ṣe ètò òwúrọ̀ ní KKDA ní Dallas, ó ń wọ bàálù, ó sì ń ṣe ti ìrọ̀lẹ́ ní WGCI ní Chicago, lójoojúmọ́. Nígbà tí ABC gbé ètò rẹ̀ lọ káàkiri ní ọdún 1994, àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ òwúrọ̀ kan nínú àwọn rédíò aláwọ̀ dúdú pàdánù àga wọn nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn kan ṣoṣo yẹn ṣe ohun tí ọgọ́rùn-ún ohùn kékeré kò lè ṣe. Ní ọdún 1999, òun àti Tavis Smiley, tó ń sọ̀rọ̀ nínú ètò rẹ̀, pe àwọn olùgbọ́ láti fi rìsíìtì wọn ránṣẹ́, kí CompUSA, ilé ìtajà kọ̀ǹpútà, lè rí iye owó tó ń gbà lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú láì polówó lórí rédíò wọn. Ilé-iṣẹ́ náà gbà fún wọn. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mìíràn, Michael Baisden, náà lo ètò ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ láti pe ènìyàn sí Jena, ní Louisiana, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti wọ́de ní ọjọ́ ogún oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007 nítorí ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́fà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn níbẹ̀.

Síbẹ̀, irú ètò bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ olùgbọ́. Ní ọdún 2009, WVAZ ní Chicago, tí í ṣe ti Clear Channel, yọ Joyner, ó fi Steve Harvey sí i. Ẹ̀ka Clear Channel kan ló ń pín ètò Harvey. Ètò Baisden parí ní ọdún 2013 nígbà tí òun àti Cumulus, ilé-iṣẹ́ tó ń pín in, kò fẹnu kò lórí àdéhùn tuntun. Àwọn tó wọ́de ní Jena kò ní ìbò nínú rẹ̀.

Ní Boston, Clear Channel mú Limbaugh kúrò ní WRKO ní ọdún 2010, ó gbé e sórí rédíò tirẹ̀. Ọjà ibẹ̀ kò tà, ó sì padà sí WRKO ní ọdún 2012. WIBC ní Indianapolis ló ṣe ohun tó yà mí lẹ́nu: ní ọdún 2015, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kí Limbaugh lọ, ó ní òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìlú kún wákàtí náà.

Limbaugh kú ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejì ọdún 2021. Lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rédíò tó ń gbé e pàdánù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba ohun tí àwọn olùpín ètò tún gbé wá: Clay Travis àti Buck Sexton, tàbí Dan Bongino. WSB ní Atlanta, tó ti wà láti ọdún 1922, fi Erick Erickson, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tirẹ̀, sí ọ̀sán. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í pín ètò Erickson náà fún rédíò àwọn ìlú mìíràn.